Kaba, ìko, gbéborùn tàbí ìdọ̀họ: èwo ló yẹ kẹ́ẹ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ báàgì ní Àbújá?

Àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ báàgì àfọwọ́ṣe ní Àbújá, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?" Owó ọwọ́ wọn kò pọ̀, masíìnì ìránṣọ kan ló wà nílẹ̀, wọ́n sì ti rí báàgì kan lórí Instagram tó wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Mo máa ń ní kí wọ́n fi ẹwà sí apá kan ná. Ohun tó yẹ kẹ́ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá ohun èlò tẹ́ẹ rí rà lóṣù kejì, ẹ ṣì máa rí i rà lóṣù kẹjọ, tí àwọ̀ rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀ á sì jọra. Oníbàárà tó ra báàgì kan tó fẹ́ràn rẹ̀, tó wá mú ọ̀rẹ́ mẹ́ta wá, tẹ́ẹ wá sọ fún un pé irú ẹ̀ ti tán, pé kò tún sí mọ́, ọ̀nà ibòmíì ló máa gbà lọ.

Ohun èlò mẹ́rin ló wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é níbí: kaba (ewé ọ̀pẹ goruba), ìko (tara ewé ògùrọ̀), gbéborùn (ewéko ojú omi) àti ìdọ̀họ (aṣọ àpò kòkó). Méjì méjì ni mo máa fi wọ́n wéra, torí bí ìpinnu náà ṣe máa ń bá èèyàn lọ́jà nìyẹn. Òwú àti aṣọ òfì máa jẹyọ, ṣùgbọ́n níwọ̀nba.

Kaba àti ìko

Kaba ni àwọn Haúsá ń pe ewé goruba, ọ̀pẹ kan tó máa ń ya ẹ̀ka, tó ń hù ní ilẹ̀ gbígbẹ Borno, Yobe, Jigawa, Kánò, Sókótó àti Kebbi. Màrìwò rẹ̀ tí kò tíì ṣí ni wọ́n ń gé. Wọ́n á sá a sóòrùn títí á fi funfun, wọ́n á là á sí wẹ́wẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi kó lè rọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa di í bí ẹni ń dirun títí á fi di ọ̀já gígùn. Ọ̀já yìí ni wọ́n ń rán mọ́ra yípo yípo tó fi ń di ẹní, akẹtẹ̀, agbọ̀n tàbí báàgì.

Ìko ní tirẹ̀, ara ewé ògùrọ̀ ni wọ́n ti ń bó o, ògùrọ̀ kì í sì í jìnnà sómi. Ẹ máa rí i létí odò ní Benue, ẹ máa rí i ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìhà gúúsù. Ikot Ekpene ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ni òkìkí iṣẹ́ ìko ti kàn jù ní Nàìjíríà. Ìko tín-ín-rín, ó rọ̀ ju kaba lọ, abẹ́rẹ́ kọroṣé lè hun ún, ó sì máa ń gba àró dáadáa.

Bẹ́ẹ bá mú méjèèjì dání, ìyàtọ̀ wọn hàn. Báàgì kaba máa ń dá dúró. Ẹ gbé e kalẹ̀ lófìfo, kò ní wó. Ti ìko rọ̀ bí aṣọ, kò sì lè dúró àyàfi tẹ́ẹ bá fi bọ́kíráàmù tó ń mú aṣọ le àti láínìn inú gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ ká kaba sí méjì nígbà ọyẹ́, ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń dún pàkà pàkà bó ṣe ń kán. Ìko ò níṣòro yẹn. Nítorí náà, bó bá jẹ́ báàgì tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà tàbí agbọ̀n ẹ̀bùn lẹ fẹ́ ṣe, kaba ló bá a mu. Bó bá jẹ́ pọ́ọ̀sì tí obìnrin máa há sí abíyá lọ síbi ìnáwó ni, ìko ló máa yẹ ẹ́ jù.

Àkókò tí iṣẹ́ wọn ń gbà ò dọ́gba rárá. Pọ́ọ̀sì ìko kékeré tí wọ́n fi kọroṣé hun lè gba obìnrin kan lọ́jọ́ méjì gbáko, nígbà tí ọ̀já kaba tó ti wà nílẹ̀ lè di ara báàgì láàárín wákàtí díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa náà yàtọ̀. Òkè Ọya níbí ni kaba ti ń wá. Ó wà ní ọjà Kurmi ní Kánò, ọjà tí Muhammadu Rumfa dá sílẹ̀ nígbà tó jọba ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn alágbàtà sì ń kó o wá sí ìtòsí wa ní Suleja àti Gwagwalada. Ìko ní láti gun ọkọ̀ láti gúúsù wá, kẹ́ẹ lọ gba wébíìlì ní gárééjì Utako tàbí Zuba, owó ọkọ̀ á sì gorí owó ọjà.

Ohun kan wà nípa kaba tí ẹni tí kò tíì pẹ́ lókè Ọya kì í tètè mọ̀. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń hun ún. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, oko ni wọ́n máa wà títí ìkórè á fi parí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ráyè jókòó hun nǹkan. Ìdí nìyẹn tí ọjà fi ń kún lóṣù kejì, tó fi ń ṣófo lóṣù kẹjọ, tí owó rẹ̀ sì ń lọ sókè. Ẹni tó bá fẹ́ fi kaba ṣòwò gbọ́dọ̀ ra èyí tó máa lò lákòókò òjò sílẹ̀ kó tó di oṣù karùn-ún, kó gbé e sórí pákó tó ga kúrò nílẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ má fi nílọ́ọ̀nù dì í. Ọ̀rinrin ò ní ríbi jáde, ó sì máa bu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń yẹ kaba wò kí n tó sanwó. Mo máa ń mú ọ̀já náà, màá wé e mọ́ ìka méjì. Bó bá kán, ó ti gbẹ jù tàbí ó ti pẹ́ nílé. Màá gbé e sókè kí n wo oòrùn láti ẹ̀yìn rẹ̀: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ gba ibi púpọ̀, ẹni tó hun ún ò fà á le. Màá gbóòórùn rẹ̀. Òórùn koríko gbígbẹ dára, ṣùgbọ́n òórùn ilẹ̀ tútù, òjò ti pa á nìyẹn. Tó bá jẹ́ aláwọ̀, màá fi omi pa áńkáṣíìfù funfun lára, màá fi nù ún. Àwọ̀ tó bá yí áńkáṣíìfù mi máa yí léèsì funfun oníbàárà mi lọ́jọ́ tí òjò bá ká a mọ́ta. Kì í dun àwọn tó ń tà á bí mo bá ń ṣe gbogbo èyí. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá dára á tún ràn mí lọ́wọ́ fà á wò.

Tí kì í bá ṣe pé ẹ ti mọ kọroṣé tẹ́lẹ̀, kaba ni kẹ́ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Gbéborùn àti ìdọ̀họ

Gbéborùn ni ewéko olódòdó àlùkò tó ń bo ojú omi. Ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i nínú omi Badagry, ó gba ọ̀nà Porto-Novo wọlé, kò sì pẹ́ tó fi gba odò kan mọ́ òmíràn, títí dé adágún Kainji. Ó ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ apẹja jẹ́, torí ọkọ̀ ojú omi kì í lè kọjá nínú rẹ̀. Achenyo Idachaba, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ti Amẹ́ríkà padà wálé tó dá iléeṣẹ́ MitiMeth sílẹ̀, ló jẹ́ kí púpọ̀ nínú wa mọ̀ pé èèyàn lè fi hun nǹkan gidi. Ìwúrí ńlá ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fún mi, mo sì fẹ́ kẹ́ni púpọ̀ sí i máa ṣe é.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó ń béèrè. Ó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ara rẹ̀ tó jẹ́ omi. Bẹ́ẹ bá kó kílò mẹ́wàá tútù, èyí tó máa kù nígbà tó bá gbẹ kì í pé kílò kan. Nítorí náà ẹ nílò ọkọ̀, ẹ nílò àwọn tó máa gé e, ẹ sì nílò àgbàlá gbayawu tí oòrùn ń pa fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ta ló ní àgbàlá gbayawu ní Kubwa? Ẹni tó ń gbé ní New Bussa tàbí etí odò ní Lokoja lè rí i bí iṣẹ́ tó rọrùn. Àwa tá a wà láàárín ìlú, ó sàn ká bá ẹni tó ti sá a gbẹ tó sì ti fi ṣe okùn dúnàádúrà. Ẹ má gé èyí tó ń hù nínú gọ́tà tàbí lẹ́bàá ilé-iṣẹ́ ńlá, torí ó máa ń fa májèlé inú omi sára. Ẹ má sì gbé èyí tó ṣì ń hù lọ sí ìlú míì, kẹ́ẹ má bàa gbìn ín sódò wọn.

Ìdọ̀họ ni òdì kejì rẹ̀. Àpò kòkó, atalẹ̀ àti yàmọ̀tí ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí, àwọn Haúsá ń pè é ní algarara. India àti Bangladesh ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá, nítorí náà bí dọ́là bá ga, ó ga. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ló wà lọ́jà, òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ń gba masíìnì lọ́gán bẹ́ẹ bá fi abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16 rán an, ẹ sì lè tẹ lógò sí i lára. Ìṣòro rẹ̀ ni pé etí rẹ̀ máa ń tú, ó gbọ́dọ̀ gba wíìfì, ìyẹn òwú tí wọ́n ń rán yí etí aṣọ ká, kẹ́ẹ tó ṣe ohunkóhun, òórùn epo sì máa ń wà lára rẹ̀ títí a ó fi sá a sí atẹ́gùn. Àpò tí wọ́n ti lò rí pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ajílẹ̀ tàbí oògùn apakòkòrò, ẹ fi sílẹ̀.

Ìdọ̀họ ò ní jẹ́ kẹ́ẹ jókòó láìríṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó ní masíìnì lè ṣe irú tiyín lọ́la, ìyẹn ni mi ò fi fẹ́ kó jẹ́ òun nìkan lẹ máa gbójú lé.

| | Kaba | Ìko | Gbéborùn | Ìdọ̀họ |
|---|---|---|---|---|
| Ìgbà tó pọ̀ | Ẹ̀ẹ̀rùn | Gbogbo ìgbà, tí ọkọ̀ bá wà | Gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ló ń gbẹ dáadáa | Gbogbo ìgbà |
| Ohun tó bá a mu | Báàgì ọjà, agbọ̀n ẹ̀bùn | Pọ́ọ̀sì, báàgì ìnáwó | Agbọ̀n ilé, báàgì ńlá | Báàgì àpéjọ, báàgì ìwé |
| Ohun tó ń bà á jẹ́ | Ọyẹ́, ìkáká | Ìfàya, ìwọ̀ ìṣó | Ọ̀rinrin | Etí títú |
| Owó ìbẹ̀rẹ̀ | Kékeré | Níwọ̀nba | Ńlá, nítorí àyè àti ọkọ̀ | Kékeré |

Ní ti òwú, aṣọ òfì Ìlọrin lẹ́wà gan-an. Àmọ́ mi ò gbà pé kéèyàn fi ṣe odindi báàgì nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, owó rẹ̀ pọ̀. Ẹ gé ọ̀já òfì kan, ẹ rán an sí ẹnu báàgì kaba tàbí kẹ́ẹ fi ṣe àpò inú. Aṣọ aláró láti Kofar Mata ní Kánò, níbi tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ sínú kòtò ẹ̀lú láti ọdún 1498, náà ń ṣe láínìn tó dára, bẹ́ẹ bá ti fọ̀ ọ́ títí tí omi rẹ̀ fi mọ́.

Kẹ́ẹ hun ún fúnra yín, àbí kẹ́ẹ rà á ní híhun?

Ibi yìí ni mo ti fẹ́ kẹ́ẹ fara balẹ̀ jù. Àwọn kan gbà pé báàgì ò lè jẹ́ tiyín bí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ hun ún látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yẹn, ṣùgbọ́n mi ò gbà á. Obìnrin tó ti ń hun kaba láti kékeré ní abúlé kan ní Jigawa, tàbí Tápà tó ń hun akẹtẹ̀ ní Bídà, ọwọ́ rẹ̀ yá, híhun rẹ̀ ṣe déédéé, ó sì ń ṣe é bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọdún mélòó lẹ fẹ́ lò kọ́wọ́ yín tó lè tó tirẹ̀? Ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni láínìn tó dára, sípù tí kì í há, awọ tó gbámúṣé, àti oníbàárà tó wà ní Maitama. Ẹ̀yin lẹ ní ìyẹn. Ẹ jẹ́ kó hun, kẹ́ẹ parí ẹ̀.

Ẹni tó hun ún fúnra rẹ̀ ní àǹfààní kan: ó lè tún báàgì oníbàárà ṣe bó bá já, ó sì lè yí àwòrán padà nígbà tó bá wù ú. Nítorí náà, ẹ kọ́ díẹ̀ níbẹ̀, tó máa tó fún àtúnṣe. Ẹ má ṣe é di òpó iṣẹ́ yín.

Bẹ́ẹ bá fẹ́ rà á ní híhun, ọ̀nà méjì ló wà: kẹ́ẹ gba ọwọ́ dillali, ìyẹn alágbàtà, tàbí kẹ́ẹ wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń hun ún gan-an. Dillali rọrùn. Ó mọ ọ̀nà, ó mọ ilé tí àwọn obìnrin ti ń hun án láì jáde sọ́jà, ó sì ń ru ewu ìrìnàjò fún yín ní àsìkò tí gbogbo ọ̀nà ò ṣeé rìn. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ ò ní mọ ohun tó ń kan ẹni tó ṣe iṣẹ́, ẹ ò sì ní lè bá a sọ̀rọ̀ bí iṣẹ́ bá yí padà. Èmi fara mọ́ kẹ́ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dillali, kẹ́ẹ sì ní kó mú yín mọ abúlé kan nígbà tí àjọṣe bá ti dán mọ́rán. Ẹ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ síbẹ̀, torí òun ló la ọ̀nà fún yín. Ẹ sì wo ìṣirò yín dáadáa: bí owó tó dé ọwọ́ ẹni tó hun báàgì bá kéré sí owó sípù tó wà lára rẹ̀, ohun tẹ́ẹ ń ṣe ò tọ́, ẹ gbọ́dọ̀ tún un ṣe.

Ẹ má fi ẹnu júwe ìwọ̀n. Bẹ́ẹ bá sọ fún dillali yín pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin," ìka tirẹ̀ àti tiyín ò dọ́gba. Ẹ gé igi sí ìwọ̀n fífẹ̀ ọ̀já tẹ́ẹ fẹ́, kẹ́ẹ gé òmíràn sí gíga báàgì. Ẹ ṣe é ní méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan lọ́wọ́ yín. Ẹ fi báàgì kan tó péye sílẹ̀ fún wọn bí àpẹẹrẹ. Ẹ san ìdajì owó ṣáájú, torí wọ́n ní láti ra kaba.

Ọwọ́ báàgì: awọ, rẹ́síìnì, àbí okùn?

Báàgì kì í sábà já láàárín. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti pàdé ara ló ti ń já, ibẹ̀ náà sì ni ojú ẹni tó mọ ọjà máa ń kọ́kọ́ lọ. Owó tẹ́ẹ bá dín kù nínú iṣẹ́ yìí, ẹ má dín in kù níbẹ̀.

Rẹ́síìnì, ìyẹn awọ àtọwọ́dá, pọ́ọ́kú, gbogbo àwọ̀ ló sì ní. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sínú mọ́tò tí oòrùn Àbújá ń pa lóṣù kẹta, kò ní pẹ́ tó fi máa bó. Awọ gidi ò sí lókèèrè. Ní Kánò, wọ́n ṣì ń fi èso bagaruwa, igi ẹlẹ́gùn-ún kan, pa awọ ewúrẹ́ bí àwọn baba ńlá wọn ti ń ṣe. Awọ ewúrẹ́ pupa Sókótó ni àwọn òyìnbó ń pè ní awọ Mòrókò láyé àtijọ́, torí pé ó gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí Mòrókò kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ máa rí awọ rà ní ọjà Kofar Wambai ní Kánò náà. Awọ ewúrẹ́ fẹ́lẹ́, ó dára fún etí àti bátànì. Ti màlúù ni kẹ́ẹ fi ṣe ọwọ́. Bẹ́ẹ bá lo awọ pupa sára kaba funfun, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tútù nù ún dáadáa, torí àró rẹ̀ lè ràn.

Okùn òwú tí wọ́n lọ́ pọ̀ wà láàárín méjèèjì. Kò wọ́n, kì í dun èjìká, ó sì bá ìdọ̀họ mu gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tètè máa ń dọ̀tí.

Ohunkóhun tẹ́ẹ bá lò, ẹ fi awọ kékeré kan sínú, ọ̀kan síta, kí òwú gba àárín méjèèjì kọjá. Bí òwú bá wà lórí kaba lásán, òwú náà ló máa gé kaba. Nígbà tẹ́ẹ bá parí, ẹ kó gàrí kílò márùn-ún sínú báàgì náà, kẹ́ẹ fi kọ́ ìṣó mọ́jú. Èyí tó bá ṣì dúró bó ṣe wà láàárọ̀ ló tó tà.

Ẹ má fara mọ́ ẹni tó bá fi awọ ọ̀nì tàbí òjòlá lọ̀ yín, bó ti wù kó lẹ́wà tó. CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko tó lè run, ló ń ṣàkóso wọn káàkiri àgbáyé, wọ́n sì lè gbà á lọ́wọ́ oníbàárà yín ní pápákọ̀ òfuurufú.

Ta lẹ fẹ́ kó rà á?

Àbújá ní oríṣi oníbàárà tí ìlú míì ò ní tó bẹ́ẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àti àwọn àjọ aláàánú ń ṣe àpéjọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń wá báàgì tí wọ́n máa kó ìwé sí. Ìdọ̀họ alógò ni wọ́n ń fẹ́, ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ kúkúrú. Èrè orí ẹyọ kan kéré, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ń ra masíìnì. Wọ́n lè pẹ́ kí wọ́n tó sanwó, nítorí náà ẹ gba àsansílẹ̀ tó máa kájú gbogbo ohun èlò.

Àwọn oníyàwó àti olóòkú yàtọ̀ sí wọn. Ẹ mọ̀ wá, a kì í ṣe ìnáwó láì fún àlejò lẹ́bùn. Àpò kaba kékeré tí wọ́n kọ orúkọ sí lára ń tà gan-an, pàápàá lóṣù kejìlá.

Àwọn ará òkèèrè tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè wọn ní Maitama àti Asókórò máa ń bèèrè ẹni tó hun ún àti ibi tó ti wá. Ẹni tó bá lè dá wọn lóhùn ló ń gba owó gidi. Àwọn wọ̀nyí ló wà fún ìko, gbéborùn àti báàgì kaba alọ́wọ́-awọ. Ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà INAC tí NCAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ ọnà àti àṣà, máa ń ṣe ní Àbújá wà lára ibi tẹ́ẹ ti lè pàdé wọn.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù àti Instagram, mo fara mọ́ Instagram fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù ní Wúsè 2 lè jẹ gbogbo èrè kó tó di pé ẹ lóókọ. Bí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì bá ní kẹ́ẹ gbé ọjà sílẹ̀ kí wọ́n sanwó tí wọ́n bá tà á, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n buwọ́ lù ú, kẹ́ẹ sì dá ọjọ́ tẹ́ẹ máa padà wá.

Iye tẹ́ẹ máa tà á

Iye tẹ́ẹ máa tà fún ṣọ́ọ̀bù ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kẹ́ẹ tó dá iye tẹ́ẹ máa tà lẹ́yọ lẹ́yọ. Àpẹẹrẹ ìṣirò nìyí, kì í ṣe iye ọjà: ká ní ara báàgì kaba jẹ́ ₦5,000, láínìn àti sípù ₦2,500, ọwọ́ awọ ₦3,500, owó télọ̀ ₦3,000, ọkọ̀ àti iná ₦1,000. Ó ti di ₦15,000. Bẹ́ẹ bá ń tà á ní ₦18,000 lórí Instagram, inú yín á máa dùn, títí ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù kan á fi ní òun fẹ́ mẹ́wàá ní ₦14,000. Ẹ ò lè gbà á, ẹ ò sì lè gbé iye tí gbogbo ayé ti mọ̀ lọ sókè lójijì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ₦20,000 lẹ fi ṣe iye ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ sì ń tà á lẹ́yọ ní ₦28,000, ọ̀nà méjèèjì ló máa mú owó wá. Ẹ fi owó télọ̀ sí ìṣirò, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ rán an.

Ìwé ìjọba

Orúkọ ìṣòwò lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, ti tó fún ẹni tó ń tà lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹ máa lè fi ṣí àkáǹtì ní báǹkì. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba lẹ fẹ́ máa kó ọjà fún, kọ́ńpìnnì ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Láti ìgbà òfin kọ́ńpìnnì tí wọ́n ń pè ní CAMA 2020, ẹnì kan ṣoṣo lè dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀, owó ìpín tó kéré jù sì ni ₦100,000. Ẹni tó fẹ́ kó ọjà lọ sókè òkun gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí kíkó ọjà lọ sókè òkun. Ewéko ni kaba àti ìko, nítorí náà ẹ béèrè lọ́dọ̀ NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ewéko àti ẹran wò, nípa ìwé pé kò sí kòkòrò nínú wọn, kí ọjà yín má bàa há sí ẹnubodè ibi tó ń lọ.

Ìgbà wo ni kẹ́ẹ bẹ̀rẹ̀?

Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin, ẹ lọ fún kaba. Ẹ ra tó báàgì ogún, àwọ̀ kan tàbí méjì péré, ìwọ̀n kan ṣoṣo, kẹ́ẹ ná ohun tó kù sórí awọ àti sípù. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ kí owó tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má sáré ra àjẹkù kaba tó wà lọ́jà lákòókò yẹn. Ẹ fi ìdọ̀họ ṣe báàgì àpéjọ títí ìkórè á fi parí, kẹ́ẹ sì máa fi àkókò náà wá dillali tó ṣeé fọkàn tán.